Bí A Ṣe Lè Kápá Ara Ríro Tí Kì Í Lọ Lára Ẹni Tí Ń Ṣe Eré Ìdárayá Déédéé

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí oòrùn tó yọ dáadáa, àwọn ẹgbẹ́ eléré ìdárayá máa ń kún pápá ìṣeré àti òpópónà ní Ìbàdàn, Èkó, Abẹ́òkúta àti àwọn ìlú mìíràn. Wọ́n á máa sáré, wọ́n á máa lóṣòó, wọ́n á máa fò sókè bí olórí wọn ṣe ń fun fèrè. Nígbà tí ó bá fi di ọjọ́ Ajé, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni yóò fi ọwọ́ méjèèjì di ẹnu ọ̀nà dánfó mú kí wọ́n tó lè gbé ẹsẹ̀ kan sílẹ̀, ẹ ó sì rí i tí wọ́n ń fẹ̀gbẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, nítorí pé itan kò gbà kí wọ́n rìn tààrà. Kí ìrora náà tó lọ tán, Àbámẹ́ta mìíràn á ti dé, gbogbo rẹ̀ á sì tún bẹ̀rẹ̀.

Àwọn kan ti gbà pé bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe yẹ kí ó rí. Àwọn olùkọ́ kan ní jíìmù tilẹ̀ máa ń sọ fún àwọn tí wọ́n ń kọ́ pé ara tí kò bá ro kò tíì ṣe nǹkan kan. Èmi kò fara mọ́ ọ̀rọ̀ yìí rárá. Ara ríro tí ó tẹ̀ lé iṣẹ́ tuntun, tí ó sì lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀, kò ní àléébù. Ṣùgbọ́n èyí tí kò lọ láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ ń fi hàn pé bí a ṣe ń pín iṣẹ́ náà fún ara kò tọ́. Ìdí nìyí tí n ó fi sọ̀rọ̀ lórí pípín iṣẹ́ ju bí n ó ṣe sọ̀rọ̀ lórí ìpara àti oògùn lọ, nítorí kò sí ìpara tí ó lè tún ohun tí ètò búburú ń bàjẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ṣe.

Ohun tí ń fa ìrora náà

Fọ́nrán tín-ín-rín tí wọ́n tò mọ́ ara wọn ni ó para pọ̀ di iṣan. Bí a bá fún wọn ní iṣẹ́ tí kò mọ́ wọn lára, tàbí tí ó pọ̀ ju èyí tí wọ́n ti ń ṣe lọ, àwọn fọ́nrán kan yóò fara pa níwọ̀n tí ojú lásán kò lè rí, ara yóò sì darí omi àti àwọn èròjà tí ń tún ara ṣe lọ sí ibẹ̀. Láti inú ìpalára kékeré yẹn àti iṣẹ́ àtúnṣe tí ó tẹ̀ lé e ni ìrora àti wíwú díẹ̀ ti ń wá. Theodore Hough, onímọ̀ nípa iṣẹ́ ara ní Amẹ́ríkà, ti kọ ọ́ ní ọdún 1902 pé ìrora ọjọ́ kejì jọ mọ́ yíya tí ó ṣẹlẹ̀ nínú iṣan fúnra rẹ̀. Kì í sábà bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó máa ń yọjú ní nǹkan bíi wákàtí 12 sí 24 lẹ́yìn iṣẹ́, ó máa ń le jù láàárín wákàtí 24 sí 72, ó sì sábà máa ń lọ láàárín ọjọ́ 5 sí 7.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń sọ pé lactic acid, èròjà kíkan tí iṣan ń mú jáde nígbà iṣẹ́, ni ó há sínú iṣan tí ó ń fà á, pé ó yẹ kí a wọ́ ọ jáde. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èròjà yìí, tí wọ́n tún ń pè ní lactate, máa ń padà sí ìwọ̀n rẹ̀ àtijọ́ láàárín nǹkan bíi wákàtí kan tí a bá ti sinmi, nígbà tí ara ríro tí à ń wí kò tíì bẹ̀rẹ̀ rárá.

Iṣẹ́ tí ó máa ń fa ìrora jù ni èyí tí iṣan ń ṣe nígbà tí ó ń gùn sí i, tí ó sì tún ń di ẹrù mú kí ó má bàa já lulẹ̀. Ẹni tí ó bá ti gun Òkè Ìdànrè rí mọ èyí dáadáa. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní 600. Nígbà tí a bá ń gùn ún lọ, èémí ni ó máa ń dààmú ènìyàn. Nígbà tí a bá ń sọ̀ kalẹ̀, èémí ti balẹ̀, a sì lè máa bá ara wa tàkúrọ̀sọ, ṣùgbọ́n ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni iṣan iwájú itan ń gùn lábẹ́ ìwúwo gbogbo ara kí ó tó gbé wa sórí àtẹ̀gùn tó kàn. Sísọ̀ kalẹ̀ tí ó dà bí ìsinmi yẹn gan-an ni ó ń fa ìrora ọjọ́ kejì. Ọ̀kan náà ni pẹ̀lú gbígbé irin sílẹ̀ láti èjìká, lílọ sílẹ̀ nígbà tí a bá ń lóṣòó, àti sísáré ní ojú ọ̀nà tí ó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

Ohun tí ó ń fún mi ní ìrètí nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé iṣan kì í gbàgbé. Bí ẹ bá ṣe iṣẹ́ kan lẹ́ẹ̀kan, kódà ní ìwọ̀nba, tí ẹ sì tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, ìrora ẹlẹ́ẹ̀kejì yóò kéré sí ti àkọ́kọ́ púpọ̀, ààbò yìí sì lè wà lára fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ìdí nìyí tí ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ kékeré lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ kì í fi í jẹ̀rora tó ẹni tí ó kó gbogbo rẹ̀ jọ sí àárọ̀ Àbámẹ́ta. Òun náà sì ni ìdí tí ìrora kì í fi í kúrò lára ẹni tí ń yí eré padà ní gbogbo ìgbà, tí ó ń jó ní ọ̀sẹ̀ yìí, tí ó ń gbé irin ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, tí ó sì tún lọ gun òkè ní èyí tí ó tẹ̀ lé e. Gbogbo ọ̀sẹ̀ ni ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ fún iṣan irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú ìrora tí ẹ ń bá jà

Ara ríro lásán sábà máa ń wà ní ọ̀tún àti òsì bákan náà, nítorí pé ẹsẹ̀ méjèèjì ni ó ṣiṣẹ́. Ó máa ń gba gbogbo ẹran ibẹ̀, kì í dúró sí ojú kan ṣoṣo. Ó máa ń dùn bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tàbí bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí ìjókòó, ó sì máa ń rọ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti rìn díẹ̀. Ìrora tí ó dé lójijì láàárín eré, tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, tàbí tí ó wà ní oríkèé dípò inú ẹran, kì í ṣe èyí tí à ń sọ. Ẹ fi ìka kan wá ojú ibi tí ó ti ń dùn. Bí ìka kan ṣoṣo bá lè tọ́ka sí i lórí eegun, pàápàá ní ojúgun tàbí lórí ẹsẹ̀, tí ó sì ń le sí i bí ẹ bá ṣe ń sáré sí i, ẹ dá eré sísá dúró kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí eegun náà lè ti bẹ̀rẹ̀ sí í sán.

Ọ̀rọ̀ ibà kò ṣe é fò dá. Ní ilẹ̀ wa, ẹni tí ara ń ro ní ọjọ́ Ajé sábà máa ń sọ pé ibà ni, yóò sì ra oògùn ibà ní kẹ́míìsì láìṣe àyẹ̀wò. Láti ọdún 2010 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ń gbà wá nímọ̀ràn pé kí a ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kí a tó lo oògùn ibà. Bí ara bá ń ro, tí ó sì tún gbóná, tí òtútù ń mú yín, tí orí ń fọ́ yín, tí oúnjẹ kò wù yín jẹ, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò, ẹ má sì ṣe eré kankan títí ara yóò fi yá. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé itan àti ìdí nìkan ni ó ń ro, tí ara kò gbóná, tí ẹ sì rántí pé ẹ lóṣòó lọ́pọ̀lọpọ̀ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, kò sí ìdí láti da oògùn ibà sí i.

Àwọn oògùn kan náà lè mú kí iṣan máa ro, pàápàá àwọn tí a fi ń dín ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kù, irú bí atorvastatin. Ẹ má dá a dúró fúnra yín. Ẹ sọ fún dókítà tí ó kọ ọ́ fún yín.

Pípín iṣẹ́ náà

Ẹ mú ìwé kékeré kan, tàbí kí ẹ lo fóònù yín. Ní àràárọ̀, bí ẹ bá ti sọ̀ kalẹ̀ lórí ibùsùn, ẹ fún ara ríro yín ní iye kan láti 0 dé 10: 0 ni pé ara kò ro rárá, 10 ni pé ìrora kò jẹ́ kí ẹ lè gbé ẹsẹ̀. Ẹ kọ ibi tí ó ti ń ro sílẹ̀, àti gbogbo iṣẹ́ tí ẹ ṣe ní ọjọ́ tí ó ṣáájú. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ ó rí i fúnra yín ohun tí ó máa ń ṣáájú àwọn ọjọ́ tí iye náà ga.

Ẹ má gbàgbé iṣẹ́ òòjọ́ nínú àkọsílẹ̀ yìí, nítorí ibẹ̀ ni ìṣirò ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń wọ́. Ara kò mọ̀ bóyá irin jíìmù ni ẹ gbé tàbí àpò gaàrí. Ẹni tí ó gún iyán fún àlejò ní ọjọ́ Àìkú ti lo èjìká, apá àti ẹ̀yìn rẹ̀; ẹni tí ó wà lórí ìdúró láti ọ̀sán dé alẹ́ ní ibi ìnáwó ti lo ẹran tí ó wà lẹ́yìn ojúgun rẹ̀. Bíríkìlà tí ó tún ń lọ sí jíìmù ní alẹ́ ń ṣe iṣẹ́ méjì pẹ̀lú ara kan, kò sì yẹ kí ó máa gbé iye tí akọ̀wé inú ọ́fíìsì ń gbé.

Ìlànà tí mo fara mọ́ lórí iye yẹn kò le. Bí ó bá wà láàárín 0 sí 3, ẹ máa bá ètò yín lọ. Bí ó bá wà láàárín 4 sí 6, ẹ ṣe èyí tí ó fúyẹ́, tàbí kí ẹ lo ibòmíràn lára: bí itan bá ń ro, ẹ lo apá àti àyà. Bí ó bá tó 7 tàbí tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ kàn rìn, kí ẹ fi èyí tó kù sílẹ̀ fún ọjọ́ mìíràn. Bí ẹ bá sì ti lo apá kan lára gidigidi, ẹ fún un ní nǹkan bíi wákàtí 48 kí ẹ tó tún lò ó bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú ìyá kan tí ó ń ta aṣọ ní ọjà, tí ó ń jókòó sí ṣọ́ọ̀bù láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, tí ó sì ń lóṣòó ní ìgbà 100 pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀ ní àárọ̀ Àbámẹ́ta. Lílóṣòó dára fún un. Kíkó 100 jọ sí ọjọ́ kan ṣoṣo ni kò dára. Kí ó lóṣòó ní ìgbà 8, kí ó sinmi fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, kí ó tún ṣe 8 mìíràn, ó tó fún ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Kí ó ṣe bákan náà ní Ọjọ́bọ̀ àti ní Àbámẹ́ta. Ìyẹn jẹ́ 48 péré ní ọ̀sẹ̀ kìíní. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, kí ó sọ 8 náà di 10, gbogbo rẹ̀ á di 60. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, kí ó ṣe 8 ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 72. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, kí ó padà sí 48 kí ara lè sinmi, kódà bí kò bá tilẹ̀ rẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ni yóò gòkè sí 10 ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, lẹ́yìn èyí ni 12 ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Bí ó bá fi di ọ̀sẹ̀ kẹfà, iye tí ó ń ṣe lọ́sẹ̀ ti di 108, ó ti ju 100 tí ó ń ṣe tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ kan tí ó ju 36 lọ, yóò sì lè sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní ọjọ́ Ajé láìdi nǹkan mú.

Bí ó ṣe ń lóṣòó náà ṣe pàtàkì. Kí ó gbé àga tí ó dúró dáadáa sí ẹ̀yìn, kí ó ya ẹsẹ̀ méjèèjì dé ìwọ̀n èjìká, kí ó na ọwọ́ síwájú, kí ó ti ìdí sẹ́yìn, kí ó sì lọ sílẹ̀ títí ìdí yóò fi kan àga fẹ́ẹ́rẹ́, kí ó tó dìde láìjókòó. Ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, kí ó má lọ sílẹ̀ ju àga lọ. Àwọn olùkọ́ kan máa ń ní kí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ka oókan títí dé ẹẹ́fà kí ó tó lọ sílẹ̀ tán. Iṣẹ́ gidi ni èyí, ó sì ń mú agbára wá fún ẹni tí ara rẹ̀ ti le, ṣùgbọ́n fífa lílọ sílẹ̀ gùn ni ọ̀nà tí ó yá jù láti fi ìrora sí ara ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n ṣe. Kíka oókan, eéjì tó fún ìbẹ̀rẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ máa fi kún lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá fi kún ìwúwo irin, ẹ fi iye ìgbà sílẹ̀ bí ó ṣe wà. Bí ẹ bá fẹ́ sáré jìnnà sí i, kí ó má jẹ́ ọ̀sẹ̀ kan náà tí ẹ ń bẹ̀rẹ̀ sí í gun àtẹ̀gùn. Ní inú ẹgbẹ́, ẹ sọ fún olórí yín kí eré tó bẹ̀rẹ̀ pé iye báyìí ni ẹ ó ṣe lónìí, kí ẹ sì dúró níbẹ̀. Kò sí ìtìjú nínú kí ènìyàn dúró ní 24 nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń lọ sí 100. Mo sì bẹ ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ pàápàá pé kí ẹ ya àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sọ́tọ̀, kí ẹ má fi fèrè kan náà lé ẹni tí ó ti ń bọ̀ fún ọdún mẹ́ta àti ẹni tí ó dé lánàá. Ọ̀pọ̀ tí kò padà wá mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ àkọ́kọ́ kì í ṣe ọ̀lẹ. Ọjọ́ kan ṣoṣo yẹn ni ó dá wọn lóró.

Ìmọ̀ràn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2020 fún àgbàlagbà ni ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀ fún ìdárayá tí kò le jù, irú bí ìrìn kíákíá, pẹ̀lú iṣẹ́ tí ń fún iṣan lágbára ní ọjọ́ méjì ó kéré tán. Rírìn kíákíá fún ìṣẹ́jú 30 ní ọjọ́ márùn-ún ti tó 150 yẹn, kò sì sí ibi kankan nínú ìmọ̀ràn náà tí wọ́n ti ní kí ara máa ro.

Bí ara bá ń ro lọ́wọ́

Ẹ má dùbúlẹ̀ ní gbogbo ọjọ́. Rírìn fẹ́ẹ́rẹ́ fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú máa ń mú kí ìrora rọlẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó sì máa ń jẹ́ kí iṣan tí ó ti gan tú sílẹ̀. Lẹ́yìn ìwẹ̀ alẹ́, ẹ lè ní kí ẹnì kan fi òrí wọ́ ibẹ̀ fún yín. Kí ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra òrí náà títí yóò fi yọ́, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti òkè orúnkún, kí ó máa wọ́ ọ lọ sí òkè itan díẹ̀díẹ̀, ní ìwọ̀n agbára tí ẹ lè fara dà láìfún eyín pọ̀. Nínú ohun tí wọ́n ti dán wò, ìwọ́ra wà lára àwọn tí ń dín ìrora yìí kù níwọ̀nba. Ẹni tí ó bá ń fi ìgúnpá rin ín mọ́lẹ̀ títí ẹ ó fi máa ké ń fi ìpalára mìíràn kún un ni.

Aṣọ ìnura tí a rì bọ omi gbígbóná, tí a sì fún dáadáa, máa ń mú ara rọ̀ bí a bá tẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, bí kì í bá ṣe pé ibẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wú láti inú ìpalára. Àwọn eléré ìje máa ń jókòó sínú omi yìnyín. Omi tí ó tutù dé ìwọ̀n 10 sí 15 lórí òṣùwọ̀n Celsius, fún ìṣẹ́jú 10 sí 15, lè dín ìrora kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí a bá ń ṣe é ní gbogbo ìgbà lẹ́yìn gbígbé irin, ó lè dín bí iṣan ṣe ń dàgbà kù. Fún ẹni tí kò ní ìje mìíràn láti sá ní ọ̀la, èmi kò rí ìdí tí yóò fi máa ra yìnyín.

Nínà ara kí eré tó bẹ̀rẹ̀ tàbí lẹ́yìn rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dín ara ríro kù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí gbogbo ènìyàn ń sọ nìyẹn. Ẹ lè máa nà án bí ó bá tù yín lára. Robb, Aboniki àti àwọn ìpara bẹ́ẹ̀ ń mú kí awọ ara gbóná tàbí kí ó tutù, èyí sì máa ń jẹ́ kí a gbàgbé ìrora náà fún ìgbà díẹ̀. Wọn kì í tún iṣan ṣe. Ẹ má fi wọ́n sí ojú ọgbẹ́, ẹ má sì fi aṣọ gbígbóná lé wọn lórí, kí awọ ara má bàa jó.

Ọ̀rọ̀ oògùn

Oògùn apàrora kì í ṣe ohun tí a ń lò ní gbogbo ọ̀sẹ̀ nítorí eré ìdárayá. Bí ìrora bá le tó bẹ́ẹ̀ tí kò jẹ́ kí ẹ sùn, àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le lè lo paracetamol bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára páálí rẹ̀, kí ó má sì ju gíráàmù 4, ìyẹn hóró 8 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mílígíráàmù 500, láàárín wákàtí 24. Ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò dára gbọ́dọ̀ béèrè lọ́wọ́ dókítà kí ó tó fọwọ́ kàn án. Ibuprofen àti diclofenac lè dá ọgbẹ́ sínú ikùn, wọ́n lè gbé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ sókè, wọ́n sì lè pa kíndìnrín lára, pàápàá bí ènìyàn bá lò wọ́n kí ó tó lọ sáré nínú oòrùn tí omi kò sì tó lára rẹ̀. Ẹ má ṣe é rárá.

Èyí tí ó ń dùn mí jù ni àpòpọ̀ oògùn tí àwọn kan ń dì sínú ọ̀rá kékeré fún ara ríro, láìsí orúkọ, láìsí iye. Ẹni tí ó rà á kò mọ̀ bóyá oògùn méjì tí wọ́n jọra ni ó gbé mì lẹ́ẹ̀kan náà. Tramadol náà kì í ṣe oògùn ara ríro lẹ́yìn eré. Ó máa ń di bárakú, a kò sì gbọ́dọ̀ lò ó láìjẹ́ pé dókítà kọ ọ́. Ní ti pàràgà tí wọ́n ń polówó fún ẹ̀yìn àti oríkèé, ọtí líle wà nínú rẹ̀, ọtí sì ń dí iṣẹ́ àtúnṣe iṣan lọ́wọ́, ó tún ń ba oorun jẹ́.

Oúnjẹ, omi àti oorun

Èròjà amúaradàgbà ni ara fi ń tún iṣan ṣe. Ẹni tí ń gbé irin déédéé nílò nǹkan bíi gíráàmù 1.6 fún kílò kọ̀ọ̀kan tí ara rẹ̀ wọ̀n lójúmọ́. Ẹni tí ó wọ̀n tó kílò 70, gíráàmù 112 ni tirẹ̀. Ẹyin kan ní nǹkan bíi gíráàmù 6, ife ẹ̀wà sísè kan ní nǹkan bí 15. Ẹ ó rí i pé òkèlè ńlá pẹ̀lú ègé ẹran kékeré kan ní alẹ́ kò lè kájú rẹ̀. Kò di dandan kí ẹ ra ìyẹ̀fun olówó iyebíye tí wọ́n ń tà ní jíìmù. Mọ́ínmọ́ín ní àárọ̀, ẹ̀wà ní ọ̀sán, ẹja tàbí ẹran tí ó tó nǹkan ní alẹ́, pẹ̀lú wàrà tàbí sóyà láàárín, yóò gbé yín dé ibẹ̀ tàbí sún mọ́ ọn. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ní àrùn kò gbọ́dọ̀ fi amúaradàgbà kún oúnjẹ rẹ̀ láìgba ìmọ̀ràn ní ilé ìwòsàn.

Omi kì í lé ara ríro lọ, ṣùgbọ́n àìtó rẹ̀ ń mú kí eré kan náà nira sí i, ó sì ń kó kíndìnrín sí wàhálà. Ẹ máa wo ìtọ̀ yín: bí ó bá mọ́ tàbí tí ó ní àwọ̀ ìyeyè fẹ́ẹ́rẹ́, omi ti tó. Ní àkókò ààwẹ̀, ẹ sún eré tí ó le sí ẹ̀yìn ìṣínu, kí ẹ sì dín in kù.

Oorun wákàtí méje ó kéré tán ni àgbàlagbà nílò, mo sì mọ̀ pé èyí ṣòro fún ẹni tí ń jí ní aago mẹ́rin ìdájí nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ní Èkó. Bí oorun kò bá tó ní alẹ́ àná, ẹ ṣe ìdajì iṣẹ́ tòní. Dídín in kù bẹ́ẹ̀ kò ní ba ohun tí ẹ ti kọ́ sára jẹ́.

Ìgbà tí ilé ìwòsàn kan yín

Bí ìtọ̀ yín bá ṣókùnkùn bí omi kóòkì lẹ́yìn eré tí ó le, tàbí tí iṣan wú gan-gan, tí ó sì rẹ̀ yín débi pé ẹ kò lè gbé apá tàbí ẹsẹ̀, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró di ọ̀la. Iṣan ti ń bàjẹ́ kọjá ààlà nìyẹn, ohun tí ó ń tú jáde sínú ẹ̀jẹ̀ sì lè ba kíndìnrín jẹ́. Ẹ sọ irú eré tí ẹ ṣe àti oògùn tí ẹ ti lò fún dókítà.

Nítorí èyí, ó yẹ kí olúkúlùkù mọ jẹ́nótáìpù rẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ eré líle. Ní Nàìjíríà, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ni ó jẹ́ AS. Ara ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn le, wọ́n sì lè ṣe eré tí ó wù wọ́n, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi tipátipá sáré nínú ooru láìmu omi àti láìsinmi, iṣan wọn lè bàjẹ́ lójijì, wọ́n sì lè ṣubú lulẹ̀. Kí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n sì dúró bí ara wọn bá ti ń rọ. Ẹni tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde gbọ́dọ̀ gba ètò eré rẹ̀ lọ́wọ́ dókítà, kò sì gbọ́dọ̀ fojú ara ríro lásán wo ìrora tí ó bá dé bá a.

Ìrora àyà nígbà eré kò ní ká máa fi ìpara sí i. Ẹ dúró, ẹ wá ìrànlọ́wọ́. Bí ẹran ẹ̀yìn ojúgun kan ṣoṣo bá wú, tí ó gbóná, tí ó sì ń dùn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ́ ọ, nítorí ẹ̀jẹ̀ lè ti dì sínú rẹ̀. Bí ara bá sì ń ro fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, tí oorun kò wá, tí agbára ń dín kù dípò kí ó máa pọ̀ sí i, tí nǹkan oṣù obìnrin dáwọ́ dúró, tàbí tí ọkàn ń lù kíákíá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní àárọ̀ kí ẹ tó dìde, iṣẹ́ ti pọ̀ jù fún ara náà. Ẹ fi eré sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹ sì jẹ́ kí dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò.

Pípadà sẹ́nu eré

Lẹ́yìn àìsàn, ìrìn àjò tàbí ìsinmi tí ó ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹ ti dúró, nítorí ààbò tí iṣan ní á ti dín kù. Ẹ mú ìdajì iye tí ẹ ń ṣe tẹ́lẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí ẹ sì dá a dúró nígbà tí ẹ bá mọ̀ pé ẹ ṣì lè ṣe sí i. Ẹ wo iye tí ẹ ó kọ sínú ìwé ní àárọ̀ ọjọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta. Bí kò bá ju 3 lọ, ẹ mú un lọ sí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ní ọ̀sẹ̀ kejì. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ tún ti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ṣe.